Afojúkọ́, Afetíkọ́, Afọwọ́kọ́: Orúkọ Mìíràn fún Olódo?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti gírámà gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ó bá gírámà pàdé lọ́nà. Bí ẹ bá jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Under G, níhà ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀kan á ní ojú ni òun fi ń mọ̀wé, pé bí òun kò bá rí àwòrán nǹkan, kò lè wọ òun lórí. Èkejì á ní etí ni tòun, ohun tí wọ́n bá kà sí òun létí nìkan ni òun ń rántí. Ẹ̀kẹta á ní òun kò lè jókòó ti ìwé rárá, àfi kí òun fi ọwọ́ ṣe é. Wọ́n á máa sọ ọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀, bí ẹni pé dókítà ló yẹ̀ wọ́n wò tó sì kọ èsì lé wọn lọ́wọ́.

Ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ká mi lára tó ti àwọn olùkọ́. Nínú nóòtì tí a fi ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó ti di ohun tí a ń há sórí: kí olùkọ́ kọ́kọ́ wádìí irú akẹ́kọ̀ọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́, kí ó pín wọn sí afojúkọ́, afetíkọ́ àti afọwọ́kọ́, kí ó sì kọ́ ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀. Ó dùn létí. Ó dà bí ìfẹ́ sí ọmọ. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìpín náà kò ní ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ewu rẹ̀ sì pọ̀ ní ilẹ̀ wa ju ilẹ̀ tí a ti gbé e wá lọ, nítorí pé ó bá àṣà àtijọ́ kan nílé nígbà tó dé. Àṣà náà ni pé kí a fi orúkọ lé ọmọ lórí, kí a sì fi orúkọ yẹn yọ ọ́ kúrò nídìí ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ní 1984, David Kolb ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde nípa oríṣiríṣi ọ̀nà tí ènìyàn fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Ní 1992, Neil Fleming àti Colleen Mills ní New Zealand gbé èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní VARK: wíwò, gbígbọ́, kíkà pẹ̀lú kíkọ, àti fífọwọ́ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì máa fi orúkọ Howard Gardner kún un, nítorí ìwé tí ó kọ ní 1983 lórí oríṣiríṣi ọgbọ́n tó wà nínú ọmọ ènìyàn. Gardner fúnra rẹ̀ ti jáde sọ ní 2013 pé ohun tí òun sọ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́, kí àwọn ènìyàn yéé po méjèèjì pọ̀. Nígbà tí Frank Coffield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìlú Ọba jókòó ka àwọn ìlànà wọ̀nyí ní 2004, wọ́n rí 71. Bí wọ́n bá sọ fún mi pé oríṣi ènìyàn mẹ́ta ló wà láyé, mo lè gbà; bí ẹlòmíràn bá dé tó ní mẹ́rin ni, tí òmíràn ní mẹ́rìndínlógún, ara mi á bẹ̀rẹ̀ sí fu.

Ní 2008 ni Harold Pashler, Mark McDaniel, Doug Rohrer àti Robert Bjork sọ irú ẹ̀rí tí ó yẹ kí a béèrè, ọ̀rọ̀ wọn sì yé ọmọdé. Ẹ pín àwọn tó ní afojúkọ́ ni àwọn sí méjì. Ẹ fi àwòrán kọ́ apá kan, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ apá kejì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún àwọn afetíkọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fún gbogbo wọn ní ìdánwò kan náà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òtítọ́, afojúkọ́ tó rí àwòrán gbọ́dọ̀ ṣe dáadáa ju afojúkọ́ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ, kí ti afetíkọ́ sì jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Wọ́n wá irú iṣẹ́ ìwádìí bẹ́ẹ̀ káàkiri. Díẹ̀ péré ni wọ́n rí tó tẹ̀ lé ìlànà náà, èsì tí wọ́n bá nínú wọn kò sì gbe èrò yìí lẹ́yìn. Ní 2015, Beth Rogowsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwé kan náà dán àwọn àgbàlagbà wò: àwọn kan gbọ́ ọ, àwọn kan kà á. Kò sí ìbáṣepọ̀ kankan láàrin ohun tí wọ́n ní ó wu àwọn àti ohun tí wọ́n lóye. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bi àwọn olùkọ́ léèrè ní Ìlú Ọba àti ní Holland nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní 2012, ó lé ní 90 nínú 100 wọn tó gbà pé ọmọ á mọ̀wé sí i bí a bá kọ́ ọ ní ọ̀nà tó bá irú rẹ̀ mu. Nítorí náà, kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ni wọ́n ti gbà á gbọ́.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rí bákan náà. Ẹni tó bá ti dúró níwájú kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ kan péré mọ̀ pé wọn kò rí bákan náà. N kò sì sọ pé ènìyàn kò lè fẹ́ràn àwòrán ju ọ̀rọ̀ lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí nǹkan wù wá lọ́tọ̀, kí ó ṣe wá ní àǹfààní lọ́tọ̀. Mo sì tún ní ọ̀rọ̀ fún àwa olùkọ́ yunifásítì tí inú wa lè dùn sí ohun tí mo kọ sókè yìí: kì í ṣe àyè ni mo ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó ń gbé ìwé kan náà wá láti ọdún mẹ́wàá, tó ń kà á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti máa kọ, tó sì ń pe èyí ní ìkọ́ni. Ìyẹn burú fún ojú, ó burú fún etí, ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ ẹrú ló sì ń ṣe.

Bí kì í bá ṣe irú akẹ́kọ̀ọ́ ni ó yẹ kí olùkọ́ tẹ̀ lé, kí ni? Èsì mi àkọ́kọ́ ni pé ohun tí a ń kọ́ gan-an ló máa ń sọ bóyá ojú ni, etí ni, tàbí ọwọ́. Èdè Yorùbá ni mo mọ̀, òun ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ohùn. Igbá tí a fi ń bu omi, igba tí í ṣe 200, ìgbà tí í ṣe àkókò, igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ, àti ìgbá tí a ń jẹ: bí a bá yọ àmì kúrò lórí wọn, ojú á rí ohun kan ṣoṣo. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sọ fún mi pé afojúkọ́ ni òun, tí mo sì wá gba tirẹ̀ rò, tí mo ya tábìlì aláràbarà fún un tí mo kọ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ sí, yóò mọ tábìlì náà lórí, kò sì ní lè fi àmì sí orúkọ ara rẹ̀. Ohùn kò sí nínú tábìlì. Inú etí ló wà. Àwọn olùkọ́ wa àtijọ́ mọ èyí, ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi mú dò, re, mí wá fún wa. Ẹ kọ́kọ́ kùn ún lẹ́nu kí ẹ tó kọ ọ́. Ọ̀yọ́: dò mí. Ìbàdàn: dò dò dò. Ìṣẹ́yìn: dò mí dò. Òṣogbo: dò re re. Ilé-Ifẹ̀: re mí re dò. Ògbómọ̀ṣọ́: dò mí dò mí. Ní kíláàsì, orúkọ ìlú ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ìlú rẹ̀. Kí gbogbo wọn kùn ún, kí wọ́n fi ìka lu tábìlì ní ìró kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni kí ìwé tó jáde.

Ohun kan sì wà tó máa ń ya àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè lẹ́nu. Ọmọ tí a bí sí Arọ́wómọ́lẹ̀ tàbí sí Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́, tí kò ṣi ohùn pè rí láyé rẹ̀, a máa ṣì í nígbà tó bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Etí rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Bí ẹni yìí bá ní afetíkọ́ ni òun, òtítọ́ ló sọ, kò sì ràn án lọ́wọ́. Àfi kí ẹnu kùn ún, kí ọwọ́ lù ú, kí ojú sì rí ibi tí àmì náà jókòó sí, kí ohun tí etí ti mọ̀ látilẹ̀ tó di ìmọ̀ tí ó lè fi ka ìwé. Gbogbo wọn ló ń gba ọ̀nà yìí kọjá, afojúkọ́ àti afetíkọ́, kò sí ẹni tí mo ń dá sí.

Ti àkọtọ́ ni òdìkejì. Níbẹ̀, etí kò tó. Láti 1974 tí a ti fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ni a ti ń kọ ayé dípò aiye, ẹyẹ dípò ẹiyẹ, ènìyàn dípò enia, Òṣogbo dípò Oshogbo. Síbẹ̀, ẹ rìn láti Under G dé Tákìé kí ẹ máa ka pátákó, ẹ ó rí Ogbomosho lára ọ̀kan, Ogbomoso lára èkejì. Etí kò lè bá wa dá ẹjọ́ yẹn, nítorí pé bákan náà ni wọ́n ń dún lẹ́nu ẹni tó ń pè wọ́n. Ó tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn ọmọ Ìbàdàn àti agbègbè Ọ̀yọ́ tí ẹ̀ka-èdè wọn kì í ya /s/ sọ́tọ̀ kúrò lára /ṣ/. Ẹni tó ń sọ pé "sé o ti jẹun?" á kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́, á kọ "sé". Kì í ṣe òpè. Ẹ̀ka-èdè rẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀ láìṣẹ̀tàn. Kí ó ka ìwé púpọ̀ ni oògùn rẹ̀, kí ojú rẹ̀ mọ ṣé, ṣe, iṣẹ́ àti àṣà bí ó ṣe mọ ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí mo bá jẹ́ kí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ sá fún ìwé kíkà torí pé ó ní etí ni òun fi ń kọ́, mo ti pa á lára.

Gbólóhùn ńkọ́? Níbẹ̀ ni mo ti ń lo ọwọ́. Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ara páálí kékeré: Adé, ra, aṣọ, ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ gbé aṣọ wá sí iwájú, kí ó fi ni tì í: Aṣọ ni Adé ra. Kí ó dá a padà, kí ó wá gbé Adé síwájú. Lójú ẹsẹ̀ ni á rí i pé àyè Adé kò ṣeé fi sílẹ̀ lófìfo bí àyè aṣọ ti ṣeé fi sílẹ̀, pé ó ní láti fi ó dí i: Adé ni ó ra aṣọ. Mo lè fi wákàtí kan ṣàlàyé èyí lẹ́nu kí ó má yé wọn. Páálí mẹ́rin á sọ ọ́ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, fún ẹni tó fẹ́ràn ọwọ́ àti fún ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀.

Àwọn baba wa kò kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn fi hàn pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ọmọ onílù ní Ọ̀yọ́, àwọn tí orúkọ wọn ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn. Wọn kì í gbé ìyáàlù lé ọmọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní. Ọ̀kan nínú àwọn ìlù tí ń gbe ìyáàlù lẹ́yìn ni ọmọ á kọ́kọ́ máa lù, gúdúgúdú tàbí kànnàngó, ìlù tí ohun tó ń sọ kò pọ̀, tí ọmọ lè máa tún un lù láìsinmi, nígbà tí etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí àgbà ń fi ìyáàlù sọ. Bí ó bá tó àkókò tí yóò fi ìlù sọ̀rọ̀, ọ̀gá á kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ náà, ọmọ á gbà á, kí ọwọ́ tó fi awọ sọ ọ́. Ojú rẹ̀ wà lára apá ọ̀gá tó ń fún ọṣán. Ta ló bi ọmọ yẹn bóyá afetíkọ́ ni tàbí afọwọ́kọ́? Ìlù dùndún kò ní ojú kan tí a lè gbà wọlé sí i. Gbogbo rẹ̀ ló fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bákan náà ni ti àwọn tí ń fín igbá ní Ọ̀yọ́: ọmọ iṣẹ́ á wò fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n wíwò nìkan kò mú ọwọ́ dúró gbọn-in lórí èèpo igbá.

N kò fẹ́ sọ ọ́ di ohun tí kò ní àbùkù. Ìkọ́ṣẹ́ àtijọ́ ní pàṣán nínú, ó sì máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ agboolé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí a ti sọ nù ní kíláàsì wa: ọ̀gá mọ ibi tí ọmọ dé. Ó mọ èyí tí ó ti lè lù, ó sì fún un ní èyí tó tẹ̀ lé e. Mo gbà pé òun gan-an ni ìyàtọ̀ tó yẹ kí olùkọ́ máa wò láàrin akẹ́kọ̀ọ́. Ní Íńdíà, ẹgbẹ́ Pratham ti fi irú èrò yìí ṣe iṣẹ́ ńlá: wọ́n á kó àwọn ọmọ jọ gẹ́gẹ́ bí ibi tí ìwé kíkà wọn dé, láìwo ọjọ́ orí tàbí kíláàsì tí wọ́n wà, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó yẹ iṣẹ́ wọn wò, tí Abhijit Banerjee àti Esther Duflo tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019 wà lára wọn, rí i pé ó ń mú kí ọmọ mọ̀wé kà. Kò sí afojúkọ́ nínú rẹ̀, kò sì sí afọwọ́kọ́.

Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé ìpín yìí léwu. Ní àdúgbò wa, ìyá kan tọ̀ mí wá nípa ọmọ rẹ̀ tó wà ní kíláàsì kẹrin. Ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Tíṣà wọn ní etí ni ọmọ mi fi ń mọ̀wé, pé kí n má da ara mi láàmú lórí pé kò lè kọ nǹkan." Mo ní, "Ẹ kú ìdúró tì í, Màmá. Níbo ló ń jókòó sí?" Ẹ̀yìn pátápátá ni, nítorí pé ó ga. Mo ní kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ọmọ náà kò rí ara pátákó láti ọjọ́ yìí wá; ohun tí olùkọ́ bá fẹnu sọ nìkan ló ń rí mú, ó sì ń mú un dáadáa nítorí pé orí rẹ̀ pé. Ohun tí wọ́n pè ní irú akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ kò ju awò ojú lọ.

Ọmọ yẹn rí ẹni tó béèrè ibi tó ń jókòó sí. Àwọn mìíràn kò rí. Láyé ìgbà tí a wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ á pe ọmọ ní olódo, á ní kò ní orí ìwé, kí wọ́n mú un lọ kọ́ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ burúkú ni, gbogbo wa sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú ni. Ìyá ọmọ lè bínú wá sí ilé-ìwé nítorí rẹ̀. Lónìí, olùkọ́ á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní afọwọ́kọ́ ni ọmọ yín, ìwé kíkà kò bá irú rẹ̀ mu. Ìyá á dúpẹ́, á máa lọ. Ibi kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí, ṣùgbọ́n ti èkejì kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti bínú. N kò kẹ́gàn iṣẹ́ ọwọ́, ẹ ti rí ohun tí mo kọ nípa onílù. Ṣùgbọ́n mẹ́káníìkì náà nílò láti ka ìwé tó bá ẹ̀rọ wá, kò sì sí ẹni tó yẹ kó ti fi orúkọ tí kò ní ẹ̀rí gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ìdí nìyí tí mo fi ń fẹ́ kí a máa ya ohun tó wuni sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ènìyàn kò lè ṣe aláìní. Ní Ọ̀yọ́, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Special, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1977. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò kọ́ ọmọ tí kò ríran, ọmọ tí kò gbọ́ràn, àti àwọn mìíràn tí wọ́n nílò ìtọ́jú àkànṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran kò yan Braille nítorí pé ó wù ú. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Nígbà tí Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí òun náà kò gbọ́ràn, dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún àwọn adití ní Ìbàdàn ní 1960, èdè tí a ń fi ọwọ́ sọ ni ó mú wá, nítorí pé láìsí i kò sí ẹ̀kọ́ kankan. Bí a bá wá ń lo ọ̀rọ̀ kan náà fún adití yìí àti fún ọmọ Under G tó kàn fẹ́ràn fídíò ju ìwé lọ, owó àti àkókò tó yẹ kí a fi ra ohun èlò fún ẹni àkọ́kọ́ á lọ sórí ẹni kejì.

Ìyàtọ̀ tó tóbi jù lọ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tún wà tí VARK kò tilẹ̀ dárúkọ rárá, ìyẹn ni èdè tí a fi ń kọ́ wọn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6 gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn tí wọ́n fi wé wọn kẹ́kọ̀ọ́ ní Yorùbá fún ọdún 3 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì bí àṣà ti rí. Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá parí ẹ̀kọ́ wọn ṣe dáadáa jù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Èsì iṣẹ́ yẹn wà nínú ìwé tí ó jáde ní 1989. Afojúkọ́ wà láàrin àwọn ọmọ wọ̀nyẹn bí ẹ bá fẹ́ pè wọ́n bẹ́ẹ̀, afetíkọ́ náà wà níbẹ̀. Èdè tó yé wọn ló la gbogbo wọn lójú pọ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí èdè ìbílẹ̀ jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ọdún 6 ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Aláúsá, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, kí a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Láàrin ọdún mẹ́ta péré! Ìwé tí a ó fi kọ́ni kò tíì dé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, a kò tíì kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n ti ní kò ṣiṣẹ́. Ẹ wá fi èyí wé bí ọ̀rọ̀ afojúkọ́ àti afetíkọ́ ṣe jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú nóòtì àwọn olùkọ́ wa, tí kò sí mínísítà kankan tó béèrè ẹ̀rí rẹ̀. Èyí tí a ní ẹ̀rí rẹ̀ láti Modákẹ́kẹ́ ni a fagi lé.

Ẹ lè ní, "Ọ̀gá, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ní kíláàsì, kí ni olùkọ́ kan ṣoṣo lè ṣe?" Ìbéèrè gidi ni. Ohun tí mò ń ṣe nìyí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí n tó kọ́ wọn ní ohunkóhun, mo máa ń ka ìpínrọ̀ kékeré kan tí n ó fi ẹnu ara mi hun, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn; n ó sì fún wọn ní òmíràn lórí ìwé, kí wọ́n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń gbà. Máàkì kankan kò sí níbẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni mo ti ń mọ àwọn tó gbọ́ Yorùbá yékéyéké tí wọn kò lè kọ ọ́, àwọn tó lè kọ ọ́ tí òwe kò yé wọn, àwọn ọmọ Èkìtì tí ń pe ilé ní ulé tí wọ́n sì rò pé Yorùbá àwọn kò tọ̀nà, àti ẹnì kan tàbí méjì tí òbí wọn kò sọ èdè náà sí wọn rí.

Lẹ́yìn náà, n kò ní pín wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo máa ń fi ẹni tó lè sọ ọ́ ti ẹni tó lè kọ ọ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ á sọ gbólóhùn, ọmọ tó dàgbà sí Èkó á kọ ọ́, wọ́n á jọ jiyàn lórí àmì, wọ́n á kùn ún, wọ́n á lu tábìlì, wọ́n á tún un kọ. Ariwo náà a máa pọ̀ nígbà mìíràn débi pé olùkọ́ tó wà ní yàrá kejì á yọjú wá béèrè bóyá ìjà ló ṣẹlẹ̀.